Ẹyìn Kan, Iṣẹ́ Mẹ́rin

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Harun Farocki, wọ́n á ní ará Jámánì tó ń kọ lámèyítọ́ tẹ́lẹ̀ kó tó di olùdarí fíìmù ni. "Tẹ́lẹ̀" yẹn ni kò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Lọ́dún 1969 ló ti ṣe fíìmù kan lórí napalm, ohun ìjà oníná tó ń lẹ̀ mọ́ ara: ó jókòó sídìí tábìlì, ó mú sìgá tó ń jó, ó sì tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ apá ara rẹ̀. Ohùn kan ní ìgbóná sìgá jẹ́ 400 dígírì, ti napalm jẹ́ 3000. Ọdún 1974 ló tó wá di ọ̀kan nínú àwọn olóòtú Filmkritik, ìwé ìròyìn lámèyítọ́ fíìmù, ó sì ń bá a bọ̀ títí ìwé náà fi kógbá sílé ní 1984. Ọwọ́ kan náà ló ń kọ̀wé, òun ló ń gé fíìmù.

Àìsówó ló bí ètò tó fi ń mú iṣẹ́ kan bọ́ òmíràn. Ta ni yóò sanwó fún ìwádìí oṣù mélòó kan tí kò tíì di fíìmù? Farocki wá fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ilé iṣẹ́ irin, níbi tí ohun tó ṣẹ́ kù nídìí iṣẹ́ kan ti ń wọ inú òmíràn. Rédíò ló ń san owó ìwádìí. Ìwé tó bá kà nítorí rédíò, á kọ lámèyítọ́ lé e lórí. Ohun tó bá ṣàkíyèsí lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó di ti tẹlifíṣàn.

Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa kò ní pe èyí ní àrà. Wọ́n á se ẹyìn, wọ́n á gún un, wọ́n á yọ epo. Ìhá tó kù, wọ́n á sá a, òun ni wọ́n á fi dáná lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n á pa ẹ̀kùrọ́, inú rẹ̀ á di àdín, èésan rẹ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń fi í mú irin gbóná. Ẹ ò rí i, a ti padà sídìí irin.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i kedere, ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde ní ilé iṣẹ́. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe fíìmù, ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1895, kò tó ìṣẹ́jú kan. Lọ́dún 1995 Farocki ṣa irú ìran yẹn jọ láti inú fíìmù ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó fi ṣe fíìmù, ó kọ àròkọ lé e lórí, nígbà tó sì di 2006, ó tò ó sórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán méjìlá nínú gbọ̀ngàn. Lámèyítọ́ ni gbogbo rẹ̀, àwòrán kan ló ń bi èkejì léèrè ọ̀rọ̀.

Ọgbọ́n ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníbàárà ló gbé e ró. Nígbà tí tẹlifíṣàn ò fi bẹ́ẹ̀ ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ilé ọnà ló gbà lọ. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe fún wọn, fún ilé ọnà ti ìlú Lille ní Faransé, àwòrán méjì ló wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òun alára sì ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ nídìí ẹ̀rọ tó fi ń gé fíìmù. Sìgá ọdún 1969 náà tún jáde níbẹ̀.