BP Dáa, Ẹsẹ̀ Tutù: Ohun Tó Ń Ṣe Ọkàn Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Dókítà á jáde ní tíátà, á ní iṣẹ́ abẹ ọkàn yẹn lọ dáadáa, kò sì parọ́, àmọ́ kó tó di ìdájí ara aláìsàn ti tutù, oògùn tó ń gba ojú drip wọlé ti di mẹ́ta mẹ́rin, àwọn nọ́ọ̀sì ICU, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń ṣọ́ aláìsàn tó le gan-an, sì ti pé lé bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo lórí. Kì í ṣe pé ẹnì kan ba iṣẹ́ jẹ́ o. Ọkàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe sábà máa ń rẹ̀ kó tó gbéra, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló sì máa ń rẹ̀ jù, fún àwọn ọmọdé ó máa ń bọ́ sí bíi wákàtí 6 sí 12. Low cardiac output ni àwọn dókítà ń pè é, ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ò tó.

Kí wọ́n tó lè pààrọ̀ fáàfù (ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn) tàbí dí ihò inú ọkàn, ọkàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró ná, torí ta ló fẹ́ rán nǹkan tó ń fò sókè sódò. Wọ́n á gbé iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró fún ẹ̀rọ, irú èyí tí John Gibbon kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn tó yọrí sí rere ní Philadelphia lọ́dún 1953 (ní Nàìjíríà, Enugu ni irú iṣẹ́ abẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1974). Wọ́n á fi irin di iṣan ńlá tó ń jáde látinú ọkàn pa, wọ́n á da omi tútù tí potassium pọ̀ nínú ẹ̀ sínú àwọn iṣan tó ń bọ́ ọkàn, ọkàn á dákẹ́. Ní gbogbo àsìkò tó fi dákẹ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ò dé ara ẹran ọkàn fúnra ẹ̀, òtútù yẹn ló ń jẹ́ kó lè fara dà á. Tí wọ́n bá wá tú irin, tí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ya padà wọlé, èèyàn á rò pé wàhálà ti tán, àmọ́ ìpadàbọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn náà tún máa ń ṣe ẹran ọkàn léṣe, á wú, kò ní lè fún dáadáa, kò sì ní lè dẹ̀ dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ kún inú ẹ̀. Ẹ wá fi ti ẹ̀rọ kún un: ẹ̀jẹ̀ tó ti ń gba inú rọ́bà kọjá látàárọ̀ ti mú kí ara gbé ìjà dìde bí ẹni pé kòkòrò àrùn ló wọlé, omi á máa jò látinú iṣan ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara, ìdí nìyẹn tí ojú aláìsàn fi máa ń wú.

Ọkàn àgbàlagbà tó sinmi ń ti ẹ̀jẹ̀ bíi lítà 5 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Tí iyẹn bá já wálẹ̀, ara kì í jẹ́ kó hàn kíákíá, á fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pọ̀ kí BP má bàa já, ibẹ̀ gan-an ni mọ́nítọ̀ ti ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tó bá ti fi hóòsì fọ mọ́tò rí mọ̀ pé téèyàn bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu hóòsì díẹ̀, omi á máa ta jìnnà, àmọ́ omi tó ń jáde ò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni BP lè máa ka 110 kí kíndìnrín má rí ẹ̀jẹ̀ tó.

Torí ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ fi máa ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, á fọwọ́ ba ọmọ ìka ẹsẹ̀, á gòkè dé orúnkún, á wo ibi tí òtútù yẹn dé. Á tẹ èékánná, á tú u sílẹ̀, á wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tètè padà síbẹ̀. Á wo àpò ìtọ̀, ẹni tó wọn kílò 70 yẹ kó máa tọ̀ tó mílílítà 35 ó kéré tán ní wákàtí kan. Wọ́n tún máa ń fa ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ sínú ọkàn wò: ó yẹ kí ọ́síjìn tó ṣẹ́kù sínú ẹ̀ máa tó bíi 70%, tó bá ti wá sábẹ́ 60%, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ ò tó nìyẹn, ara ti ń fa gbogbo èyí tó rí gbà. Lactate, èròjà tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn ò bá tó ara, náà á máa gòkè, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ rọra ka ìyẹn, torí adrenaline, ọ̀kan lára oògùn tí wọ́n fi ń ran ọkàn lọ́wọ́, fúnra ẹ̀ máa ń gbé e sókè.

Kí wọ́n tó máa da oògùn lé oògùn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé kì í ṣe nǹkan ló ń fún ọkàn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, rọ́bà máa ń wà láyà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde sínú ìgò. Tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn bọ̀ dáadáa tó wá dúró lójijì, aráalé á ní "ọpẹ́ o, ẹ̀jẹ̀ ti dá", àmọ́ dókítà ò ní tíì dúpẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú rọ́bà, kí ìyókù wá máa pọ̀ yí ọkàn ká títí ọkàn ò fi ní rí àyè kún mọ́. Tí BP wá ń já, tí agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ọrùn ń gòkè, wọ́n ní láti tún àyà ṣí ni, nígbà míì lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Kò sí oògùn tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Tí ìyẹn ò bá sí ńbẹ̀, wọ́n á wo bí ọkàn ṣe ń lù. Kí wọ́n tó pa àyà dé, wọ́n sábà máa ń rán wáyà tín-tìn-tín mọ́ ara ọkàn, á yọ jáde lára, wọ́n á so ó mọ́ àpótí kékeré kan tó ń lo bátìrì, tí ọkàn bá ń lọ́ra wọ́n á fi àpótí yẹn mú kó máa lù tó bíi ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú kan. Omi drip náà ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni, wọ́n á fún un, wọ́n á wò ó, torí ọkàn tó ti kún jù ò ní fún dáadáa mọ́. Ìgbà yẹn loògùn wá kàn. Dobutamine àti adrenaline ń jẹ́ kó fún le sí i. Milrinone ń ṣe méjì pọ̀, ó ń ran ọkàn lọ́wọ́, ó sì ń tú àwọn iṣan tó fún pọ̀ sílẹ̀, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2003 fi hàn pé ó ń dín ìṣòro yìí kù fún àwọn ọmọ tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, àmọ́ ó lè já BP, kíndìnrín ló sì ń gbé e jáde, kíndìnrín tó ti rẹ̀ á jẹ́ kó pọ̀ jù lára. Levosimendan, oògùn míì tó ń jẹ́ kí ọkàn fún dáadáa, tí wọ́n fọkàn tán gan-an tẹ́lẹ̀, àwọn ìwádìí ńlá ọdún 2017 ò rí i pé ó dín ikú kù.

Wọ́n tún máa ń dín ohun tí ara ń béèrè kù: wọ́n á jẹ́ kó sùn, kí ẹ̀rọ máa mí fún un, wọn ò ní jẹ́ kí ibà mú un tàbí kó máa gbọ̀n. Nígbà míì, wọ́n á fi egungun àyà sílẹ̀ láìdì í fún ọjọ́ mélòó kan kí ọkàn tó wú lè ráyè, ó ń dẹ́rù ba ẹbí gan-an àmọ́ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Tí gbogbo ẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́, ECMO ló kù, ẹ̀rọ tó ń ti ẹ̀jẹ̀ tó sì ń fi ọ́síjìn sí i, kì í ṣe pé ó ń wo ọkàn sàn, ó kàn ń ra àsìkò fún un ni, ó wọ́n, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa dà lára ẹni tó wà lórí ẹ̀, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń gbẹ̀yìn.

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọkàn á ti máa gbéra láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Wọ́n á wá máa yọ oògùn kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n bá dín in tí ẹsẹ̀ tún tutù, wọ́n á dá a padà. Wáyà tín-tìn-tín tí wọ́n rán mọ́ ọkàn yẹn wà lára ohun tó máa ń kẹ́yìn jáde, wọ́n á rọra fà á, aláìsàn á sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì fúngbà díẹ̀ tí wọ́n á máa ṣọ́ ọ, torí ojú ibi tí wáyà ti jáde náà lè ṣẹ̀jẹ̀ yí ọkàn ká.