Ara Aṣọ Ni Òfin Ìforúkọsílẹ̀ Ọnà Ti Ṣẹ̀

Ẹni tí ó bá dúró ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, tí ó ń wo bí àwọn aládìrẹ ṣe ń ti fóòmù tí wọ́n gé ní ọnà bọ inú àbẹ́là gbígbóná kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun, lè rò pé ohun àjèjì ni òfin ìforúkọsílẹ̀ ọnà, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn da ọnà tuntun kọ, jẹ́ sí iṣẹ́ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí àwọn tí ń tẹ ọnà sára aṣọ gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Kilburn, tí ń tẹ aṣọ òwú nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tí ó ké gbàjarè pé bí ọnà tuntun bá ti jáde báyìí, àwọn mìíràn a ti dà á kọ, wọn a sì máa ta ayédèrú rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ẹkún kan náà ni wọ́n ń sun ní Ìtòkú lónìí nítorí àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkè òkun. Ní 1787, òfin fún ẹni tí ó ni ọnà ní ààbò oṣù méjì péré. Ní 1794, ó di mẹ́ta. Ọdún 1839 ni ààbò náà tó kọjá ara aṣọ dé ara àwọn nǹkan mìíràn, tí ìforúkọsílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1842, George Bruce ti New York sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé-àṣẹ ọnà níbẹ̀, lórí lẹ́tà ìtẹ̀wé.

Òfin ọdún 1970 ni Nàìjíríà ń lò. Ẹni tí ń forúkọ sílẹ̀ yóò mú àwòrán ọnà náà wá, tàbí àpẹẹrẹ rẹ̀ gan-an, yóò sì sọ irú ọjà tí yóò wà lára rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ààbò náà, a sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì. Iléeṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ kì í wádìí bóyá ọnà náà jẹ́ tuntun; ibi tí ọ̀ràn wà nìyẹn, nítorí ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé e bí ẹnìkan bá fi hàn pé ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ àwọn ọnà àdìrẹ àtijọ́ bíi Olókun tàbí Ìbàdàndùn di tirẹ̀. Aládìrẹ tí ó bá sì fi ọnà tuntun rẹ̀ sórí àtẹ kí ó tó forúkọ sílẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ògbólógbòó lójú òfin, àfi bí ó bá jẹ́ ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí, tí kò sì tíì ju oṣù mẹ́fà lọ tí ó ti pàtẹ rẹ̀ kí ó tó forúkọ sílẹ̀.