Ọ̀pá amọ̀nà àrá, ẹ jọ̀wọ́

Irin ṣóńṣó tó máa ń wà lórí ilé gíga, "tọ́ńdà arẹ́sítà" làwọn oníṣẹ́ iná ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ń pè é. Arẹ́sítà, ìyẹn ẹni tó ń múni: ta ló mú àrá rí? Àwọn tó ní àwọn fẹ́ sọ Yorùbá wá sọ ọ́ di "ọ̀pá alé-àrá", ìyẹn tiẹ̀ burú jù. Irin yìí kì í lé àrá. Ó dúró síbẹ̀ kí àrá lè bá a ni. Ẹni tó bá gbọ́ "alé-àrá" lè lọ fara ti wáyà rẹ̀ nínú òjò, kó ní òun ti bọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tíṣà ní Mọ́dákẹ́kẹ́, ní ká máa pè é ní "amáràáwọlẹ̀". Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń fàmì sọ́rọ̀ lórí fóònù? Láìsí àmì, "amáràáwọlé" lẹ máa kà, ta ló sì máa sanwó kí wọ́n bá òun mú àrá wọlé?

Amọ̀nà lèmi ń pè é ní tèmi: ó mọ ọ̀nà, ó sì ń ṣíwájú àlejò. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní àrá kò ju ariwo lọ, pé mànàmáná ló ń jó ilé. Kí wọ́n máa bá fisíìsì wọn lọ. Ní Ifẹ̀ níbí, ìlú Ọ̀ràmfẹ̀ òrìṣà àrá, mànàmáná a kọ yẹ̀rì, àrá ló ń pa ọ̀pẹ.

Bíi góta etí òrùlé ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Góta kì í dá òjò dúró; ó ń gba ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni, ó sì ń gba inú páìpù darí rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà ba ògiri jẹ́. Irin wà lókè, wáyà kọ́pà tó nípọn wà láàárín, ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, wà nínú ilẹ̀. Bí ọ̀kan bá já, àrá á wá ọ̀nà gba inú ilé. Benjamin Franklin tó dábàá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1750 pàápàá kọ́kọ́ rò pé ṣóńṣó irin lè fa iná inú ìkùukùu tán kí àrá tó sán. Bóyá ibẹ̀ ni "arẹ́sítà" ti wá.

Ilé tó ní amọ̀nà pàápàá, ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná kí òjò tó dé, ẹ má sì wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà. Ẹni tó wà lóko kòkó kò ní amọ̀nà kankan: kó kúrò lábẹ́ igi, kó wọ mọ́tò tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin, kó ti fèrèsé, kó sì jẹ́ kí ìṣẹ́jú 30 kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn kó tó bọ́ sílẹ̀.