Ibi Tí Ẹrẹ̀ Òkè Yóò Dé

Bí o bá gun ilé gogoro orí Òkè Àrẹ̀mọ tí àwa ará Ìbàdàn ń pè ní Layípo, tí o wá fojú wá páànù tó jìnnà jù nísàlẹ̀, bí ẹni fa okùn ni láti ojú rẹ dé orí páànù yẹn, okùn náà á sì lọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Irú okùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi pilẹ̀ ìmọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí: kí òkè tó ya, kí á ti mọ ibi tí òkúta àti ẹrẹ̀ rẹ̀ yóò dé.

Síléètì ló fà á. Ní abúlé Elm, ní Swítsàlandì, wọ́n ń gbẹ́ òkúta tí wọ́n fi ń ṣe síléètì tí ọmọ iléèwé ń kọ̀wé sí. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí ìdí òkè fi ṣófo. Lọ́jọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án 1881, òkè náà ya lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ já, àwọn kan dúró ń wòran, wọ́n rò pé ó ti tán. Ẹ̀kẹta ló ya bo àfonífojì. Ènìyàn 115 ló bá a lọ.

Albert Heim, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, lọ síbẹ̀, ó bi àwọn tó yè léèrè bí ẹni ń wádìí ẹjọ́. Nígbà tó fi máa di 1932, ó ti fún okùn náà lórúkọ, Fahrböschung ní èdè Jámánì: na okùn láti góńgó ibi tí òkè ti ya dé ibi tí òkúta tó sáré jù dúró sí, kí o wo bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó. Bí ohun tó ya bá kéré, okùn á ga. Bó bá pọ̀, okùn á rẹlẹ̀, á sì gùn. Èmi ti rò pé ohun ńlá ló ń tètè dúró! Ní 1973, onímọ̀ mìíràn, Scheidegger, to àwọn òkè tó ti ya rí jọ, ó fi bí wọ́n ṣe tóbi tó wé bí okùn wọn ṣe rí. Ohun tí Heim fi ń ṣàlàyé àná wá di ohun tí èèyàn lè fi ṣírò ọ̀la.

Òkúta gbígbẹ nìyẹn. Ẹrẹ̀ tó kún fún omi ń tọ ojú odò ni, bí àgbàrá. Ará Ìbàdàn tó rí bí odò Ògùnpa ṣe ya bo ìlú ní 31 oṣù Kẹjọ 1980 kò nílò àlàyé: àgbàrá òjò ò ní òun ò ní í wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Lóṣù Kẹwàá 1985, máàpù ewu òkè oníná Nevado del Ruiz ní Kòlóńbíà ti jáde, ìlú Armero sì wà nínú rẹ̀. Orí ẹrẹ̀ tó ṣàn ní 1845 gan-an ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí. Ní òru 13 oṣù Kọkànlá, ẹrẹ̀ rin ohun tó lé ní kìlómítà 70, ó pa èèyàn tó lé ní 20,000.

Ní 1998, onímọ̀ kan, Iverson, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìṣirò. Ká ní ẹrẹ̀ òkè oníná tó mílíọ̀nù kan mítà oníhà mẹ́ta: ilẹ̀ tí yóò bò á tó ilẹ̀ tó fẹ̀ ní kìlómítà kan, tó gùn ní kìlómítà méjì, bíi pápá bọ́ọ̀lù 280. Àgbàrá ẹrẹ̀ àti òkúta lásán tó tó bẹ́ẹ̀ kì í tẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ṣírò fún un ní 2008.

Ṣùgbọ́n ta ló wọn ẹrẹ̀ tí kò tíì já? Ìdí nìyí tí máàpù wọn kì í fi fa ìlà kan ṣoṣo: ti kékeré wà nínú, ti ńlá yí i ká, èyí tó tóbi jù sì wà lẹ́yìn.