Ṣẹ́ẹ̀sì fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: orí ọba ni eré náà dá lé

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Àjàṣẹ́ tàbí Kétu ni ó ti mọ ayò ta kí wọ́n tó rí ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì, eré tí àwọn tí ó fi èdè Faransé kàwé ń pè ní échecs. Ayò tí wọ́n mọ̀ yìí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí ó ti kọ́ wọn láti rò ó wò kí wọ́n tó gbé ọwọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣì wọ́n lọ́nà níbì kan. Nínú ayò, iye ọmọ tí ènìyàn jẹ ni a fi ń mọ ọ̀ta: ọmọ 48 ni ó wà nínú ọpọ́n, ẹni tí ó bá sì ti jẹ 25 ti borí. Ṣẹ́ẹ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jẹ ọmọ jù lè fìdí rẹmi, nítorí pé ọba kan ṣoṣo ni a ń lé, ọba kan ṣoṣo ni a sì ń dáàbò bò. Gbogbo òfin eré náà tètè ń yé ẹni tí ó bá ń wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe kan ọba yìí.

Ojú 64 ni ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì ní, mẹ́jọ ní òòró, mẹ́jọ ní ìbú, tí funfun àti dúdú ń tẹ̀lé ara wọn. Bí a bá gbé e kalẹ̀, ojú tí ó wà ní igun ọwọ́ ọ̀tún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ funfun; bí ó bá jẹ́ dúdú, a ti gbé ọpọ́n náà sódì, kí a yí i kí a tó to ọmọ sí i. Ọmọ 16 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Lórí ìlà tí ó sún mọ́ ọn jù, ilé ìṣọ́ méjì wà ní igun méjèèjì, ẹṣin méjì tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà bíṣọ́ọ̀bù méjì, tí wọ́n ń pè ní fou ní Àjàṣẹ́. Ayaba àti ọba ni ó wà láàárín, ayaba funfun lórí ojú funfun, ayaba dúdú lórí ojú dúdú. Ọmọ ogun mẹ́jọ sì tò sí iwájú gbogbo wọn. Kí a lè dárúkọ ojú kọ̀ọ̀kan, a fi lẹ́tà a títí dé h sí àwọn ìlà òòró láti ọwọ́ òsì ẹni tí ó mú funfun, a sì fi 1 títí dé 8 sí àwọn ìlà ìbú láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ, tí ó fi jẹ́ pé orí e1 ni ọba funfun ń bẹ, orí e8 sì ni ti dúdú. Funfun ni ó ń kọ́kọ́ ta.

Ilé ìṣọ́ ń rìn ní òòró tàbí ní ìbú, iye ojú tí ó bá wù ú, bí kò bá sí ohun tí ó dí i lọ́nà. Ọ̀nà igun, láti igun ojú kan bọ́ sí igun èkejì, ni bíṣọ́ọ̀bù ń gbà, nítorí náà èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí funfun kò ní í kúrò lórí funfun títí eré yóò fi parí. Ayaba lè rìn bí ilé ìṣọ́, ó sì lè rìn bí bíṣọ́ọ̀bù. Òun ni ó lágbára jù lórí ọpọ́n lónìí, ṣùgbọ́n nígbà tí eré yìí bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà, ojú kan péré ni ọmọ tí ó wà ní ipò rẹ̀ lè sún. Ìgbà tí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ń parí lọ ní Yúróòpù ni wọ́n tó fún un ní agbára tí ó ní yìí.

Ẹṣin ni ó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù. Ojú méjì ni ó ń lọ tààrà, ní òòró tàbí ní ìbú, kí ó tó yà sí ẹ̀gbẹ́ ní ojú kan, òun nìkan ni ó sì lè fo ọmọ tí ó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Bí ó bá wà lórí funfun, orí dúdú ni yóò bà lé, nígbàkúùgbà. Ọ̀nà tí ó dára jù láti mọ ìrìn rẹ̀ ni kí a gbé ẹṣin kan ṣoṣo sí a1 lórí ọpọ́n òfìfo, kí a sì wá bí yóò ṣe dé h8. Ìrìn mẹ́fà ni èyí tí ó kéré jù.

Iwájú nìkan ni ọmọ ogun ń lọ, ní ojú kan, àfi ìgbà àkọ́kọ́ tí ó lè lọ ojú méjì. Kì í jẹ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an: ọ̀nà igun, ní ojú kan síwájú, ni ó fi ń jẹ. Bí ó bá dé ìlà ìkẹyìn láìkú, a ó pààrọ̀ rẹ̀ sí ayaba, ilé ìṣọ́, bíṣọ́ọ̀bù tàbí ẹṣin. Òfin kan tún wà tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò tíì gbọ́ ọ rí: bí ọmọ ogun kan bá fo ojú méjì, tí ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ ogun alátakò, èyí lè jẹ ẹ́ bí ẹni pé ojú kan ló lọ, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àǹfààní náà ti lọ nìyẹn.

Ọba ń sún ní ojú kan sí ìhà gbogbo, kò sì gbọdọ̀ tẹ ojú tí ọmọ alátakò lè jẹ ẹ́ sí. Bí wọ́n bá dojú kọ ọ́ níbi tí ó wà, échec ni, ohun mẹ́ta péré ni a sì lè ṣe: kí ọba sá kúrò, kí a fi ọmọ mìíràn dí ọ̀nà, tàbí kí a jẹ ọmọ tí ó ń halẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹṣin bá ni ó ń halẹ̀, dídí kò ṣe é ṣe. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mat ni, eré ti parí. A kì í jẹ ọba kúrò lórí ọpọ́n láéláé.

Bí mat ṣe lè yá tó hàn nínú ohun tí àwọn Faransé ń pè ní coup du berger. Funfun sún ọmọ ogun sí e4, dúdú sún tirẹ̀ sí e5. Ayaba funfun jáde sí h5, dúdú gbé ẹṣin sí c6. Bíṣọ́ọ̀bù funfun bọ́ sí c4. Ayaba àti bíṣọ́ọ̀bù ti dojú kọ f7 báyìí, ojú tí ó jẹ́ pé ọba dúdú nìkan ni ó ń ṣọ́ ọ. Bí dúdú kò bá rí i, tí ó sì gbé ẹṣin kejì sí f6 láti lé ayaba, ayaba yóò jẹ ọmọ ogun f7: ọba kò lè jẹ ẹ́ nítorí bíṣọ́ọ̀bù wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ríbi sá sí. Ìrìn mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí dúdú ì bá ṣe ni kí ó sún ọmọ ogun sí g6 láti lé ayaba náà, kí ó sì fi ẹṣin dí ọ̀nà ní f6 bí ayaba bá gba f3 padà wá.

Ìdí tí roque fi wà nìyí. Ọba yóò sún ní ojú méjì sí ọ̀dọ̀ ilé ìṣọ́ kan, ilé ìṣọ́ náà yóò sì fo ó kọjá wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì. Kò ṣe é ṣe bí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì bá ti sún rí, bí ohunkóhun bá wà láàárín wọn, bí ọba bá wà nínú échec, tàbí bí ojú tí yóò là kọjá tàbí tí yóò dúró sí bá wà lábẹ́ ewu. Bí Kétu ṣe fi odi àti ẹnubodè Àkàbà Ìdènà ṣọ́ ìlú ni ọba ṣe ń wà lẹ́yìn ọmọ ogun mẹ́ta àti ilé ìṣọ́ kan lẹ́yìn roque. Ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ sapá láti ṣe é kí ìrìn mẹ́wàá tó pé, lẹ́yìn tí ó bá ti fi ọmọ ogun gba àárín ọpọ́n, tí ó sì ti mú ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù jáde.

A máa ń ka iye sí ọmọ kọ̀ọ̀kan: ọmọ ogun 1, ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù 3, ilé ìṣọ́ 5, ayaba 9. Èyí wúlò fún pàṣípààrọ̀, ṣùgbọ́n ọba kò ní iye kankan nínú ìṣirò yìí, ibẹ̀ sì ni ẹni tí ó jẹ ọmọ jù ti máa ń pàdánù ohun tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a gbé ọba dúdú sí h8, òun nìkan. Ọba funfun wà ní f6, ayaba rẹ̀ ní g1, funfun ni yóò ta. Bí ayaba bá lọ sí g7, mat ni. Bí ó bá dúró ní g6, ojú kan péré sẹ́yìn, ọba dúdú kò sí nínú échec, síbẹ̀ kò ní ojú kan tí ó lè tẹ̀: g8, g7 àti h7, gbogbo wọn ni ayaba ń ṣọ́. Pat ni èyí, ọ̀mì sì ni, láìka ayaba odindi sí. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń lé ọba tí ó dá wà máa wò ó ní gbogbo ìgbà bóyá ọba náà ṣì ní ibi tí yóò sún sí.

Ẹni tí ó bá ń fi ìwé kọ́ ọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún lẹ́tà. Ìwé Faransé ń fi R kọ ọba, D ayaba, T ilé ìṣọ́, F bíṣọ́ọ̀bù, C ẹṣin. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ti Nàìjíríà wọlé, ilé ìṣọ́ ni R, K sì ni ọba. Yálà lórí ọpọ́n pákó tàbí lórí Lichess, ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì orí ayélujára tí a kì í sanwó fún, òpin eré ni ó dára kí ìdánrawò ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó máa há bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ eré sórí. Kí a gbé ọba àti ayaba kan dojú kọ ọba tí ó dá wà: bí a bá ta á dáadáa, ibi yòówù kí wọ́n wà, mat kò ní í kọjá ìrìn mẹ́wàá. Bí èyí bá ti mọ́ wa lọ́wọ́, kí a yọ ayaba, kí a fi ilé ìṣọ́ rọ́pò rẹ̀, níbi tí ìrìn 16 ti tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin fún wa ní 50 kí alátakò tó lè béèrè fún ọ̀mì.