Bí Ọdún Ṣe Ń Pààrọ̀ Ìtàn

Ní Róòmù àtijọ́, òwú irun àgùntàn ni wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ ère òrìṣà Saturn pa. Tó bá di ọdún rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Saturnalia, ní oṣù Kejìlá, nìkan ni wọ́n ń tú u. Láti ọjọ́ 17 oṣù náà, ilé ẹjọ́ á tì, tẹ́tẹ́ tí òfin kà léèwọ̀ á di ohun títa ní gbangba, olówó ẹrú á bá ẹrú jókòó jẹun, àwọn olówó mìíràn á tilẹ̀ bu oúnjẹ fún ẹrú wọn. Àbẹ́là àti ọmọlangidi kéékèèké ni wọ́n fi ń ta ara wọn lọ́rẹ. Ìtàn tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé Saturn ti jọba rí ní Ítálì, nígbà tí kò tíì sí ẹrú láyé. Fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á ṣe bí ẹni pé ìjọba rẹ̀ ti padà dé.

Ohun mẹ́ta ló ń gbé ọdún bẹ́ẹ̀ ró: àsìkò, ìṣe àti ìtàn. Ìtàn ni àwọn tó ń ṣọdún máa ń pè ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun gan-an ló rọrùn jù láti pààrọ̀.

Ẹ wo ọdún àwọn Júù tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní Àjọ Ọ̀sẹ̀. Nínú ìwé márùn-ún Mósè, ọdún ìkórè àlìkámà ni. Wọ́n á ka ọ̀sẹ̀ méje láti ọjọ́ tí wọ́n mú ìtí ọkà àkọ́kọ́ wá, wọ́n á sì gbé ìṣù àkàrà méjì tó ní ìwúkàrà wá síwájú Ọlọ́run. Kò síbì kankan nínú ìwé márààrún tí wọ́n ti so ọjọ́ náà mọ́ Òkè Sínáì. Àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ ìsìn Júù, ló wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nígbà tó yá pé ọjọ́ yẹn ni Mósè gba Òfin. Kò ṣòro láti rí ohun tó fà á: àwọn ará Róòmù ti wó Tẹ́ḿpìlì ní ọdún 70, kò síbi tí wọ́n á gbé ìṣù àkàrà lọ mọ́. Ọdún ìkórè tí kò ní pẹpẹ, tí àwọn tó ń ṣe é sì ti fọ́n ká kúrò lórí ilẹ̀ oko wọn, ìbá ti parun. Òfin ló gbà á là, nítorí Òfin ṣeé gbé rìn. Àwọn Kristẹni náà ka àádọ́ta ọjọ́ tiwọn láti Àjíǹde, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé àwọn àpọ́sítélì.

Nígbà mìíràn, ẹnì kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pààrọ̀ ìtàn náà ni. Ní ọdún 601, Póòpù Gregory Kìíní kọ lẹ́tà sí Mellitus tó ń lọ wàásù ní Ẹ́ńgíláńdì. Ó ní kí wọ́n má wó ilé òrìṣà. Ère inú rẹ̀ ni kí wọ́n fọ́, kí wọ́n wọ́n omi mímọ́, kí wọ́n tẹ́ pẹpẹ síbẹ̀. Màlúù tí àwọn èèyàn ń pa fún òrìṣà, kí wọ́n máa pa á lọ́jọ́ àwọn ẹni mímọ́, kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tó ń gun òkè, lójú tirẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló fi ń gùn ún, kì í fò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n alákòóso gidi ni.

Ti Mẹ́kà tún yàtọ̀. Wọ́n ti ń ṣe Hájì kí Ìsìláàmù tó dé, ère sì wà lórí òkè Sáfà àti Márwà. Ara àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ kan kò balẹ̀ láti máa rìn láàárín òkè méjèèjì nítorí ère yẹn, títí Kùránì fi sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ (Súrà 2, ẹsẹ 158). Ère lọ, ìrìn ìgbà méje dúró. Hájárà tó ń sáré wá omi fún Ismail ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń rántí. Lójú Mùsùlùmí, èyí kì í ṣe ìtàn tuntun rárá, ti Ànábì Ibrahim ni wọ́n dá padà sáyè rẹ̀. Àsìkò gan-an ni Ìsìláàmù já kúrò lára ọdún: òṣùpá nìkan ni wọ́n fi ń kà á, ọdún òṣùpá sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti oòrùn. Iléyá tó bọ́ sígbà ooru lè wá bọ́ sígbà òtútù lẹ́yìn ọdún 16.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó jọra ló bí ara wọn, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ àlàyé tó ń tàn kálẹ̀ ti máa ń ṣìnà. Wọ́n ní Saturnalia ni Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n Saturnalia kì í kọjá ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá. Èyí tó ṣeé jiyàn lé lórí ni ti òrìṣà oòrùn tí wọ́n ń pè ní Sol Invictus. Ìwé kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n ṣe ní Róòmù ní ọdún 354 kọ ọjọ́ ìbí Invictus sí ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ó sì kọ ìbí Kristi sí ọjọ́ kan náà. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ìjọ ló yá ọjọ́ náà lò. Àwọn mìíràn ní ìṣirò ni: ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni wọ́n gbà pé Màríà lóyún, ẹ fi oṣù mẹ́sàn-án kún un.

Ti Easter tí wọ́n ní ó wá láti ara Ishtar, òrìṣà Bábílónì, ìró orúkọ lásán ni. Bede, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ará Ẹ́ńgíláńdì, kọ ọ́ ní ọdún 725 pé àwọn baba ńlá wọn ní òrìṣà kan tó ń jẹ́ Eostre, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe oṣù kan. Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí; kò dárúkọ ehoro àti ẹyin tí àwọn òyìnbó fi ń ṣọdún Àjíǹde. Ẹyin kò tilẹ̀ nílò òrìṣà kankan. Láyé àtijọ́, ìjọ ka ẹyin léèwọ̀ ní gbogbo àkókò Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ṣùgbọ́n adìẹ kò gbààwẹ̀. Nígbà tí Àjíǹde bá fi dé, ẹyin á ti kún inú ilé.