Ìgbàgbọ́ àti iyèméjì nínú ìtàn àròsọ Yorùbá: ọnà èdè àti ọgbọ́n ìsọ̀tàn

Ìgbàgbọ́ àti iyèméjì jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ nínú ìtàn àròsọ Yorùbá. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ kì í gbé e kalẹ̀ bí ìwàásù; inú ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀dá ìtàn, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, àti ibi tí asọ̀tàn dúró sí ló máa ń fi í pamọ́ sí. Àgbádárìgì ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe ibùdó ìtàn fún àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀, nítorí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, Mùsùlùmí àti ọmọlẹ́yìn Kírísítì jọ ń gbé níbẹ̀, èdè Yorùbá àti èdè Ògù, tí àwọn kan ń pè ní Ègùn, sì jọ ń dún ládùúgbò.

Gbàgbọ́ àti gbàgbé

Iyèméjì kì í ṣe àìgbàgbọ́. Iyè ẹni ló pín sí méjì: ọ̀kan ń gbà, ọ̀kan ń kọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀dá ìtàn bá ti kọ ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, iyèméjì ti kúrò níbẹ̀. Ìpinnu ló kù. Ìdí nìyí tí ìran tó dára fi máa ń ní ohun méjì tó ń fa ara wọn, bí àdúrà tó ń lọ lẹ́nu nígbà tí ẹsẹ̀ ń yà sílé babaláwo.

«Gbàgbọ́» àti «gbàgbé» fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà létí: ohùn wọn bára mu, fáwẹ̀lì ìparí nìkan ló yà wọ́n. Ìfọ̀rọ̀dárà yìí rí ilé sí ní Àgbádárìgì. Ní erékùṣù Gberefu, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sétí òkun, kànga kan wà tí ìtàn ìlú sọ pé wọ́n ń fún ẹrú lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Bí ẹ̀dá ìtàn bá dúró lẹ́bàá kànga náà, tó fẹ́ sọ pé «mo gbàgbọ́», tí ahọ́n rẹ̀ sì yọ̀ sí «mo gbàgbé», gbólóhùn kan ti ṣe iṣẹ́ ojú ìwé mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí irú èyí wáyé nínú ìwé. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, òǹkàwé á rí ọwọ́ òǹkọ̀wé.

Àwítúnwí

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá ẹlẹ́ja kan tí ọmọ rẹ̀ gbé ọkọ̀ lọ sójú òkun, tí ilẹ̀ sì ń ṣú. Ó ń yan ẹja lórí àwọ̀n irin, àwọn aládùúgbò ń wá bá a dárò. Ẹni àkọ́kọ́ dé, ìyá ní «Ọlọ́run á gbọ́.» Ẹnìkejì dé, ó ní «Ọlọ́run á ṣáà gbọ́.» Ẹnìkẹta dé, ó ní «Ọlọ́run á gbọ́, àbí?» «Ṣáà» kéré, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ pé ìyá ti ń bá ara rẹ̀ jiyàn. «Àbí» ti wá gbé ẹrù náà lé ẹlòmíì lórí.

Kí ọwọ́ máa bá ẹnu rìn. Lẹ́ẹ̀kíní, ìyá yí ẹja lásìkò. Lẹ́ẹ̀kejì, awọ ẹja ti lẹ̀ mọ́ irin kó tó rántí. Lẹ́ẹ̀kẹta, apá kan ti jóná dúdú, ó sì dà á dé, kó lè jẹ́ pé apá tó dára ló wà lókè. Kò sí ìdí mọ́ láti kọ «ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì» sábẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ló ń ba irú ìran yìí jẹ́ jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà tó. Ẹ̀ẹ̀mejì kò tíì fi ìyípadà hàn dáadáa, ẹ̀ẹ̀marùn-ún á di orin.

Àmì

Zangbeto ni eégún aṣọ́de àwọn Ògù. Ìko ló bò ó láti òkè délẹ̀, ó sì máa ń yí bíríbírí. Nígbà eré, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ a máa dà á dojú dé kí gbogbo ojú lè rí i pé kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Òfìfo yẹn ni olùgbàgbọ́ ń wò tó ń rí agbára. Òun náà ni oníyèméjì ń wò tó ń rí ohun tí wọ́n fi pamọ́. Kí òǹkọ̀wé kọ ìró ìko lórí iyanrìn, eruku tó dìde, àti bí àwọn ọmọdé ṣe dákẹ́ lójijì, kó sì dúró síbẹ̀. Tó bá wọ inú ìko lọ, yálà ó bá ẹ̀mí níbẹ̀ tàbí ó bá ènìyàn, àmì náà ti kú, ó sì ti fọwọ́ pa àṣírí onílé lára.

Ipò asọ̀tàn

Asọ̀tàn arínúróde mọ ohun gbogbo, ó sì rọrùn kó dájọ́ láìròtẹ́lẹ̀. Asọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe kò mọ̀ ju ohun tó rí lọ, nítorí náà ó bá iyèméjì mu jù. Lẹ́tà tún lágbára sí i. Ìtàn Sẹ̀gilọlá, tí I. B. Thomas tẹ̀ jáde bíi lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 sí 1930, ni àpẹẹrẹ tó ṣe kedere: obìnrin tó ń ṣàìsàn ń kédùn ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó ń pe ọ̀rọ̀ Bíbélì, síbẹ̀ ó ń fi ìgbádùn rántí ayé tó ti jẹ. Ìrònúpìwàdà tòótọ́ ni àbí ẹ̀rù ikú? Òǹkàwé ni yóò wọ̀n ọ́n.

Iyèméjì kò bá ọkọ̀ òyìnbó wá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹsẹ Ifá, wọ́n ní kí ẹnìkan rúbọ, ó pe awo lékèé, ó pe Èṣù lólè, ó wo ọ̀run yànyàn bí ẹni tí kò ní kú mọ́. Òǹkọ̀wé lè yá ètò yìí lò: ìkìlọ̀, ìkọ̀, àtubọ̀tán. Ṣùgbọ́n àtubọ̀tán ẹsẹ Ifá máa ń dájú. Nínú ìtàn àròsọ, kó pẹ́ kó tó dé, tàbí kó ní ìtumọ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ àti ọdún

Àdúrà, àlùfáà, wòlíì àti ìwàásù wá láti inú èdè Lárúbáwá, bẹ́ẹ̀ náà ni onígbàgbọ́ ń lò wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ń jẹ́ kí àdúrà kan ṣoṣo lè dún ní ilé ẹ̀sìn méjì. «Èṣù» ló ṣòro. Nínú Bíbélì Yorùbá, Sátánì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ mọ̀ ọ́n sí òrìṣà tó ń gbé ẹbọ dé ibi tó ń lọ. Bí asọ̀tàn bá lò ó láìfi hàn ẹnu ẹni tó ti jáde, ó ti gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kan.

Ọdún náà gbọ́dọ̀ pé. Ní 1842 ni wọ́n wàásù ìhìnrere lábẹ́ igi Àgíyà ní Àgbádárìgì. Igi náà wó ní 1959. 1884 ni iṣẹ́ ìtumọ̀ odindi Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther ṣíwájú rẹ̀, parí. Ẹ̀dá ìtàn tó ń gbé ní 1850 kò lè ṣí odindi Bíbélì Yorùbá láti wá ìdáhùn sí iyèméjì rẹ̀. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu oníwàásù ló ní, àti ìwọ̀nba ohun tó rántí nínú rẹ̀.